Bàbá Ńlá Alága àti Àwọn Bọ́tìnnì Inú Gọ́tà

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kejì

A ti ta tapólì sókè. Iye tí wọ́n tà á fún wa lọ́dún yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti èṣí, ihò mẹ́ta sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo lọ fi ẹjọ́ sùn, ẹni tó tà á ní kí n má bínú, atẹ́gùn ni yóò máa gba ibẹ̀ wọlé.

Alága ti dé kí a tó sọ ṣọ́bìrì kalẹ̀. Òun ló ni ilẹ̀ yìí, òun náà ló ni ilé ìtajà tó pọ̀ jù ní òpópónà wa. Aṣọ funfun ló wọ̀ wá sínú eruku, aṣọ náà kò sì rún níbì kankan. Ìlà tí irin ìlọṣọ fà sí apá rẹ̀ mú débi pé èèyàn lè fi gé búrẹ́dì.

"Ẹ wo aṣọ yìí, Dókítà," ó ní. "Èmi fúnra mi ni mo lọ̀ ọ́. Mi ò kì í jẹ́ kí ìyàwó tàbí ọmọ bá mi lọ aṣọ. Bàbá mi náà ò gbà fún ẹnì kankan. Ẹ̀jẹ̀ ọlọ́lá ni. Odò tó bá gbàgbé orísun ẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ."

Àdéhùn wa rèé. Bí a bá fi hàn pé ọlọ́lá ni bàbá ńlá rẹ̀ tó kọ́ àwókù ilé yìí, yóò fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún wa títí iṣẹ́ yóò fi parí, tòun ti ẹ̀yìnkùlé tí ọkàn mi wà níbẹ̀ jù. Bí a kò bá rí ọlọ́lá, ọkọ̀ símẹ́ńtì yóò dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí ni wọn yóò sì kọ́ síbẹ̀. Mo ní àwa awalẹ̀pìtàn kì í pàṣẹ fún ilẹ̀ pé ohun báyìí ni kó sọ. Ó ní símẹ́ńtì náà kì í gbọ́ àlàyé. Mo gbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Ilẹ̀ le, ẹ̀yìn ń dùn mí. Màmá mi, tó ti wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa láti oṣù kẹwàá, ní kí n wá iṣẹ́ inú ọ́fíìsì bíi ti àwọn ẹgbẹ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

A rí ògiri bíríkì àkọ́kọ́, a sì rí gọ́tà kan tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà nínú gọ́tà náà, ọ̀kan jẹ́ egungun, méjì jẹ́ ìkarahun. Gíláàsì, igbákejì mi, gbé wọn sórí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni gbé ẹyin. Ó kàwé gan-an títí awò fi dé ojú rẹ̀. Ohun tó ń dà á láàmú nìkan ni pé kì í ṣiyèméjì. Kí a tó jẹun ọ̀sán, ó ti sọ iye ìyàwó tí ẹni tó ni bọ́tìnnì náà fẹ́.

"Ìwọ tí o ò tíì fẹ́ ẹyọ kan," ni Ìyá Asẹ́ wí. Obìnrin yìí ló ń mójú tó asẹ́ tí a fi ń yọ nǹkan wẹ́wẹ́ kúrò nínú yẹ̀pẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí asẹ́ náà kò ṣe ń sinmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Bọ́tìnnì, bọ́tìnnì, bọ́tìnnì! Bí a bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì kan ìdí gọ́tà, òmíràn á yọjú. Tíréè méjì ti kún. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ara mi. Alága yọ sí wa ní ọ̀sán, ó béèrè pé kí la rí. Ẹnu mi sì ti là kí n tó mọ̀.

"Alága," mo ní, "ẹni tó gbé ibí, aṣọ rẹ̀ ò lóǹkà."

Ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n fi iná sí Alága lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó jó yí kòtò ká, ó jó dé ìdí tapólì, ó jó padà. Gíláàsì ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Asẹ́ nìkan ló wò mí, ó mi orí, ó sì padà sídìí asẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12

Pátákó tí Alága ní kí wọ́n kọ ti dé. Ó ga ju tapólì wa lọ. ILÉ ỌLỌ́LÁ, BÀBÁ ŃLÁ ALÁGA, lẹ́tà pupa. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi ti balẹ̀, wọ́n sì ti fi ọ̀dà kọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Mo fẹ́ kọ ti òní kíákíá kí ojú má baà tì mí ju báyìí lọ.

Ní àárọ̀, asẹ́ Ìyá Asẹ́ gbé bọ́tìnnì kan jáde, ó ń dán bíi góòlù. Gíláàsì pariwo. Ó wọ̀n ọ́n, ó yà á ní fọ́tò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ẹ̀rí tí kò ṣeé jà níyàn pé ipò ńlá ni onílé wà." Èmi náà pe Ọ̀gá Àgbà wa ní yunifásítì lórí fóònù. Ọ̀gá Àgbà ní kí n fi òwú wé e, kí ẹnì kankan má fọwọ́ kàn án.

Ibi tí mo ti ń fi òwú wé e ni mo ti yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Okùn ìránṣọ ṣì wà nínú ihò rẹ̀, funfun báláú, okùn tí wọ́n ń tà lọ́jà lónìí.

Kò pẹ́ tí Alága fi dé, tí píìnì kan wà lọ́wọ́ ẹ̀wù rẹ̀ níbi tó yẹ kí bọ́tìnnì wà. "Mi ò mọ ibi tó já sí," ó ní. "Ọ̀wọ́ kan ni, wọn ò tà á mọ́."

Gíláàsì wò mí. Mo wo Gíláàsì. Ìyá Asẹ́ gbé ìró bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó yẹ kí n dá a padà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé òwú tí mo fi wé e? Mo sọ ọ́ sínú báàgì mi. Mo tún pe Ọ̀gá Àgbà pé bọ́tìnnì náà "nílò àyẹ̀wò síwájú sí i."

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Ọjọ́ pàǹtírí. Lọ́dọọdún la máa ń ṣe é kí ojú wa lè mú: kálukú á gbé pàǹtírí ilé rẹ̀ ti ọ̀sẹ̀ kan wá nínú àpò tí kò ní àmì, a ó pa àwọn àpò náà pọ̀, ẹni tó bá sì mú àpò kan ni yóò sọ irú èèyàn tó ni ín.

Ìyá Asẹ́ mú ọ̀kan. Ó tú u, ó rí ọ̀rá bisikíìtì rẹpẹtẹ àti ọ̀rá súìtì. "Ọmọ kéékèèké mẹ́ta ló wà nílé yìí," ó ní, "ìyá wọn ò sì tọ́ wọn dáadáa." Gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì rẹ̀. Ó nù ún, ó tún nù ún. Gbogbo wa mọ ẹni tó ń dá gbé nínú wa. A rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀rín mi kò tọ́jọ́, torí àpò mi ni Gíláàsì mú.

"Ọkùnrin àgbàlagbà ni," ó bẹ̀rẹ̀. "Kò léyín mọ́, ẹ wo bó ṣe ń já èèpo búrẹ́dì jù nù. Àìsàn ń ṣe é, ẹ wo ọ̀rá oògùn. Kò rí jájẹ, torí kò sí agolo, kò sí ìgò, kò sí ọ̀rá ìrajà kan ṣoṣo. Ẹ sì wo àkísà yìí! Ó já gbogbo bọ́tìnnì ara aṣọ rẹ̀. Oníbìínú èèyàn ni. Bí ẹ bá bi mí, ìyàwó rẹ̀ ti sá lọ."

Wọ́n ní kí ẹni tó ni àpò nawọ́. Mo nawọ́.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n bá òun wá ibi tí ìyàwó náà sá gbà. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Agolo mílíìkì àti tòmátì tí à ń rà nílé yìí, ṣé èmi ni mo ń gbé wọn mì? Mo lọ bá Màmá ní yàrá.

"Màmá, agolo ilé yìí dà?"

"Èwo nínú wọn?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì sókè. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: agolo tí wọ́n ti fọ̀, ìgò tí wọ́n ti ṣan, ọ̀rá ìrajà tí wọ́n ká wẹ́rẹ́. Màmá mi ti kó ìdajì ìgbésí ayé wa sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Nǹkan tí ò tíì kú, ẹ ti fẹ́ sin ín," ó ní.

"Bọ́tìnnì ara àkísà ń kọ́?"

"Aṣọ ló gbó. Ṣé bọ́tìnnì gbó ni?"

Ọjọ́ Àìkú, 22

Màmá da agolo bọ́tìnnì rẹ̀ sórí ẹní lọ́sàn-án yìí nítorí pé ó ń wá èyí tó máa bá ẹ̀wù ọkọ mi mu. Mo jókòó tì í. Ó ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Èyí ti yúnífọ́ọ̀mù ẹ, tí o máa ń fi eyín jẹ ní kíláàsì. Èyí ti nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí ẹ. O fà á já lára aṣọ ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, mo sì ṣà á."

"Ẹ ò dá a padà fún un?"

"Ta ló ń ráyè ìyẹn? Ìwọ ń ké. Èyí ti bàbá ẹ."

Dúdú ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ṣán díẹ̀. Mo rántí ẹ̀wù náà àti òórùn rẹ̀. Mo di bọ́tìnnì náà mú, àárò bàbá mi sọ mí gan-an, n kò sì tíì fẹ́ dá a padà sínú agolo. Màmá ń wá tiẹ̀ lọ.

Ìgbà tó yá ni mo wo ẹní náà láti òkè, bí mo ṣe máa ń wo kòtò. Bí Gíláàsì bá hú agolo yìí nínú ilẹ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo ni yóò pe gbogbo rẹ̀: ọkùnrin gígùn tó tún kéré, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, tó sì ń lọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa àwọn tíréè wa.

Ọjọ́ Ajé, 23

Mo kó gbogbo tíréè jáde. Ọlọ́lá tó bá ran ẹ̀wù, bọ́tìnnì mẹ́fà tó jọra ni yóò wà níwájú rẹ̀. Mo wá mẹ́fà tó jọra, n kò rí. Mo wá mẹ́ta. Ti ọmọdé ni mo rí, ti aṣọ iṣẹ́ tó nípọn, ti sójà tó ní àmì, ti abẹ́tẹ́lẹ̀ obìnrin. Ibi tí wọ́n sì pọ̀ sí jù ni ibi tí gọ́tà ti tẹ̀, níbi tí omi á ti dúró díẹ̀ kó tó ṣàn lọ.

Ọlọ́lá wo ló ń dúró lórí gọ́tà ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ já bọ́tìnnì?

Mo sọ fún Gíláàsì. Ó ní ọlọ́lá lè bímọ, ó lè ní ìyàwó, ó sì lè gba sójà lálejò. Mo ní kí gbogbo wọn wá máa bọ́ra sínú gọ́tà? Ó ní òun ṣì ń ronú.

Ọjọ́bọ̀, 26

Ìrònú ti parí. A gbẹ́ yàrá tí gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ méjì wà níbẹ̀, ojú wọn ti jẹ wọlé bí ọlọ. Eérú wà ní igun. Bọ́ọ̀lù kéékèèké búlúù ìfọṣọ wà, ó ti dì mọ́ ilẹ̀, ọwọ́ Ìyá Asẹ́ sì di búlúù dé ìgbọ̀nwọ́. Lábẹ́ eérú la ti rí irin ìlọṣọ eléèédú kan, ìdérí rẹ̀ ti lọ ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ṣì dán.

Gíláàsì bọ́ gíláàsì rẹ̀. Kò nù ún. Ó kàn mú un dání.

"Alágbàfọ̀ ni," ó ní.

"Alágbàfọ̀ ni," ni mo dá a lóhùn.

Gbogbo wa gbójú sókè wo pátákó.

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹta

Òjò ti ń ṣú láti àárọ̀. Alága ti pe gbogbo ẹbí rẹ̀ fún ọjọ́ Àbámẹ́ta kí n wá sọ fún wọn irú ẹni tí bàbá ńlá wọn jẹ́. Mo pe Ọ̀gá Àgbà fún ìmọ̀ràn.

"Má purọ́," ni Ọ̀gá Àgbà wí. "Ṣáà sọ pé aṣọ àwọn èèyàn pàtàkì gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá."

"Alágbàfọ̀ nìyẹn, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ìwọ lo sọ ọ́. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ńkọ́, ṣé o ò fẹ́ ẹ mọ́ ni?"

Mo fẹ́ ẹ. Kànga wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé inú kànga yẹn kún. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Àgbà dùn létí mi ní gbogbo ọjọ́, mo tiẹ̀ ti kọ ọ́ sórí bébà. Nígbà tí mo kà á fún Màmá, ó ní, "Ó dáa o. Ta lo ń tàn jẹ?" Mo fa bébà náà ya. Màmá ṣà á, ó ní ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Àga oníke yí kòtò ká. Àwọn àbúrò Alága wà níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, àti àǹtí rẹ̀ àgbà kan tó ń fi etí kan ṣoṣo gbọ́rọ̀. Màmá ní òun náà ń bọ̀, ó sì jókòó níwájú. Alága dìde, aṣọ rẹ̀ funfun ju ti ìgbàkígbà lọ, píìnì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, ó sọ̀rọ̀ nípa orísun odò, ó wá fà mí lé wọn lọ́wọ́.

Mo dìde síwájú wọn. Mo ní, "Ẹ má bínú. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ láìtọ́. Ilé yìí kì í ṣe ilé ẹni tó ní aṣọ púpọ̀. Ilé ẹni tó ń fọ aṣọ púpọ̀ ni."

"Tó ń ṣe kí ni?" àǹtí àgbà béèrè.

"Alágbàfọ̀, mà!"

Mo yáa ń sọ ọ́ lọ. Mo fi bọ́tìnnì sójà hàn wọ́n, mo fi ti ọmọ ilé ìwé hàn wọ́n. Mo ní gbogbo àdúgbò yìí, ibí ni ìdọ̀tí wọn ń wọlé sí, ibí ni wọ́n ti ń mọ́ jáde. Mo fi ògiri hàn wọ́n: yàrá kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ kọ́, ó kéré débi pé èèyàn méjì kò lè dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi òmíràn kún un. Bíríkì yàrá kẹta dára ju ti ìkejì lọ. Ojú ibi tó ti so wọ́n pọ̀ ṣì hàn. "Ọṣẹ ló fi kọ́ ọ," mo ní. "Kò sẹ́ni tó fún un."

Ẹnì kan nínú àwọn àbúrò sọ pé mo ti bú ìdílé àwọn lójú gbogbo ayé. Alága na ọwọ́, ó gbé irin ìlọṣọ náà kúrò lórí tábìlì, ó yí ìdí rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìka kan ahọ́n, ó sì fi ìka náà kan ìdí irin, ó sì yára fà á kúrò, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó ti gbóná tó.

Ó wo ìka ara rẹ̀. Gbogbo wa ń wò ó. Irin tó ti tutù kí wọ́n tó bí i!

Ó rọra gbé e sílẹ̀, ó rìn lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ. Kò dágbére fún ẹnì kankan. Mo bú sẹ́kún lẹ́yìn tapólì níbi tí n kò rò pé wọ́n lè rí mi, àfi Màmá tó wá nawọ́ áńkáṣíìfù kan sí mi. Ara ẹ̀wù ọkọ mi tó gbó ni ó ti gé e.

Ọjọ́ Ajé, 9

Ọkọ̀ akẹ́rù dé ní àárọ̀ kùtù. Gíláàsì ló kọ́kọ́ rí i. Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, mo jókòó sórí òkúta ìfọṣọ, mo sì fọwọ́ lẹ́rán. Ìyá Asẹ́ wá jókòó tì mí. Gíláàsì náà jókòó, ó tẹ bébà sábẹ́ ìdí kó tó jókòó.

Awakọ̀ yọjú lókè orí wa. "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n já a sí?"

"O máa já símẹ́ńtì náà lé wa lórí ni!" ni Ìyá Asẹ́ wí.

"Símẹ́ńtì wo? Páànù àti pákó ni mo kó. Wọ́n ní kí n bá yín bo kòtò kí òjò má baà bà á jẹ́."

Alága ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò wọ funfun. Ẹ̀wù iṣẹ́ kan ló wọ̀, ṣùgbọ́n ó ti lọ̀ ọ́.

"Bàbá mi ló kọ́ mi," ó ní, kò tiẹ̀ kí wa. "Fi itọ́ sí ìka, fi kan irin. Bó bá dún ṣaàá, ó ti gbóná. Bàbá tiẹ̀ ló kọ́ òun náà. Mo rò pé gbogbo ọlọ́lá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mi ò sùn, Dókítà. Mo ń ka yàrá yẹn. Yàrá kan, ó fi kan kún un, ó tún fi kan kún un. Èmi náà, ṣọ́ọ̀bù kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀yìnkùlé ńkọ́, sà?" ni mo béèrè. Ojúkòkòrò mi kò jẹ́ kí n dúró.

"Ẹ gbẹ́ ẹ. Ọlọ́ọ̀dà ń bọ̀ wá tún pátákó kọ. Alágbàfọ̀ ni kó kọ, kó sì hàn dáadáa."

Ọkàn mi balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rántí báàgì mi. Mo yọ bọ́tìnnì aláwọ̀ góòlù náà pẹ̀lú òwú tó wé e, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí fọ́tò àti ọ̀rọ̀ "ẹ̀rí tí kò ṣeé jà níyàn." Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mú.

Ó gba bọ́tìnnì náà, ó wò ó, kò fi sápò. Ó wo gọ́tà. "Níbo ni tàwọn yòókù pọ̀ sí?"

Òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ wa ni pé a kì í sọ nǹkan òní sínú ilẹ̀ àná. Mo ti lé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọmọrí ìgò. Gíláàsì fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Mo na ìka sí ibi tí gọ́tà ti tẹ̀. Alága bẹ̀rẹ̀, ó fi í síbẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀.

Òjò dé ní ọ̀sán. Páànù kò jò. Mo ń kọ èyí fún ẹni tó bá tún gbẹ́ ibẹ̀ lẹ́yìn ikú mi, tó rí góòlù láàrin egungun àti ìkarahun, tó sì fẹ́ pariwo pé ọlọ́lá kan ti gbé ibí. Jọ̀ọ́, kọ́kọ́ wo okùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ alágbàfọ̀ ló ni ín.